Alùpùpù ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ṣé ó lè gbé èmi àti ìyàwó mi dé Kétu?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo fi ṣe ibùgbé. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń gun alùpùpù, mo sì ti gùn ún dé Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ rí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún òsì, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí níbi tí ọkọ̀ bá ti dì, pàápàá bí ìyá àwọn ọmọ bá jókòó sẹ́yìn mi. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní òun fẹ́ fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, irú ńlá tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lásán ni, pé kò yẹ àgbà. Kí ni àwọn tó ń gùn ún rí lára rẹ̀? Ṣé ó lè gbé èmi àti ìyàwó mi dé Kétu láìséwu?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ, bàbá. Ọlọ́run yóò wo ìyókù sàn. Ẹ bá mi kí ìyá pẹ̀lú.

Ó lè gbé yín dé Kétu, ó sì lè gbé yín dé Ṣábẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín tó san kọ́bọ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹsẹ̀ kẹta yìí ń gbà yín lọ́wọ́ ìwúwo nígbà tí ẹ bá dúró, tàbí tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín èrò. Kò gbà yín lọ́wọ́ kọ́nà. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ààrò kì í kúrò lójú kan. Ohun tó dúró ṣinṣin bí àpáta ní ìkóríta Wandó ní Àjàṣẹ́ tún lè gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹ bá bá a wọ kọ́nà lórí eré. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yóò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni mo máa ń bẹ̀rù fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ọ̀rẹ́ yín lóhùn. Kẹ̀kẹ́ tó ń kó sìmẹ́ǹtì àti ìrẹsì kiri Àjàṣẹ́, iṣẹ́ ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ó wúlò gan-an, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ọmọ yín ń sọ. Alùpùpù ìrìnàjò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ìtàn tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Servi-Car láti ọdún 1932, wọn ò sì dá a dúró títí di 1973. Àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Bí wọ́n bá tún ọkọ̀ oníbàárà ṣe tán, mẹkáníìkì á so Servi-Car mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, á wa ọkọ̀ lọ fún olówó rẹ̀, á tú alùpùpù rẹ̀, á sì gùn ún padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́pàá náà lò ó gan-an fún iṣẹ́ ìgboro, nítorí pé wọ́n lè dúró, kí wọ́n lọ, kí wọ́n tún dúró, ní gbogbo ọjọ́, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kẹta ti jẹ́ ti ẹni tó ń dúró nígbà gbogbo. Ibi tí wàhálà orúnkún yín wà gan-an nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí kò rí bákan náà, àṣìṣe ńlá ni kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Èkíní ni èyí tó ní táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Tri Glide ti Harley ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Àárín 2008 sí 2009 ni ó jáde. Ó wúwo ju 550 kílógíráàmù lọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ra Gold Wing ti Honda, alùpùpù ìrìnàjò tó ti wà láti 1975, wọ́n á gbé e fún àwọn oníṣẹ́ tí yóò yọ táyà ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò sì fi méjì rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni èyí tó ní méjì níwájú, kan lẹ́yìn. Can-Am Spyder ni aṣáájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ BRP ní Kánádà ló gbé e jáde ní 2007, èyí tí wọ́n sì ṣe fún ìrìnàjò gan-an, Spyder RT, dé ní 2010. Bí ọmọ yín ṣe wà ní Kánádà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé Spyder ni ó ní lọ́kàn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó ní táyà méjì níwájú bíi Spyder, ṣùgbọ́n ó ń fì sí ẹ̀gbẹ́ nínú kọ́nà bí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Piaggio ní Ítálì ṣe MP3 jáde ní 2006, Yamaha náà sì gbé Niken jáde lẹ́yìn rẹ̀. MP3 ní ohun tí ẹ lè tẹ̀ kí ó lè dúró fúnra rẹ̀ níbi iná. Niken kò ní in. Bí ẹ bá dúró tí ẹ kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, yóò ṣubú bí alùpùpù èyíkéyìí, táyà mẹ́ta tí ẹ ń wò kò ní gbà yín. Alùpùpù tó dára ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tó fẹ́ kí iwájú di ọ̀nà mú nínú òjò. Fún orúnkún yín, rárá.

Ẹ béèrè ohun tí àwọn tó ń gùn ún rí lára rẹ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀, mo ti tún tiwọn ṣe, mo sì ti gùn ún fúnra mi. Ìdáhùn wọn kì í jìnnà síra.

Alùpùpù ìrìnàjò ńlá wúwo. Gold Wing tí kò tíì gbé ẹnikẹ́ni súnmọ́ 400 kílógíráàmù. Lórí ìrìn, ìwúwo náà á pòórá, ọmọ ọdún méjìdínlógún lè fi ìka darí rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dúró ni ó ń padà wá. Ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí: ìyá jókòó sẹ́yìn, àpò ọ̀nà oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dúró níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀ sí apá òsì, ẹ na ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ sì bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé. Bí alùpùpù bá ti fì kọjá ibi kan báyìí, kò sí agbára tó lè dá a padà. Ìṣubú yẹn kì í pani, ṣùgbọ́n ó ń ba ọkàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà tó fi alùpùpù sílẹ̀, kì í ṣe eré ló lé wọn kúrò nídìí rẹ̀. Ìdúró ni. Ẹ̀rù níbi iná, ẹ̀rù níbi tí wọ́n ti ń yí padà, ẹ̀rù iwájú ilé epo. Ẹsẹ̀ kẹta ń mú ìyẹn kúrò pátápátá. Ẹ ó dúró, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi ìtẹsẹ̀, ẹ ó sì máa wo àwọn èrò Wandó bí ẹ ṣe fẹ́.

Ìdí kejì ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Ẹ má fojú kéré èyí. Lórí Spyder RT tàbí Tri Glide, ìyá yóò ní àga gidi tó ní ìfẹ̀yìntì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ìgbápálé pẹ̀lú. Kò ní máa di yín mú bí ẹni tó ń rì sómi. Àwọn obìnrin tó ti sọ pé àwọn ò ní gun alùpùpù mọ́ ń padà gùn ún nítorí àga yìí. Mo mọ tọkọtaya tó jẹ́ pé obìnrin gan-an ló ní kí ọkọ òun rà á.

Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin kò ní béèrè irú ìyẹn. Ẹ mọ òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò nígbà tí ẹ bá kúrò ní Pọ́bẹ̀, ẹ mọ bí ara ṣe ń mọ̀ pé oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó rí i. Inú ọkọ̀ kò fún èèyàn ní ìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò sì gbà á lọ́wọ́ yín. Lójú tèmi, ohun tó níyì jù lára rẹ̀ nìyí: ó ń jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ máa bá ohun tó fẹ́ràn lọ. Mo ti rí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan tó tún ń gùn ún, inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kò yẹ àgbà, àgbà gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Ní báyìí, kọ́nà. Ẹ bá mi ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún tí ẹ ti fi gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti kọ́ ọwọ́ yín ní ohun kan tí ẹ lè má mọ̀ pé ẹ ń ṣe. Lórí eré, bí ẹ bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún yín máa ń ti irin ìdarí síwájú díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni, ojú kò rí i. Alùpùpù á fì sí ọ̀tún, á sì yà sí ọ̀tún. Ẹni tó bá sọ pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ń ṣe é fún un. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í fì, bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún ti irin síwájú, apá òsì ni yóò yà sí. Táyà ń lọ síbi tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí, bíi ti ọkọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójijì, bí ewúrẹ́ bá já sójú ọ̀nà, tí ẹ kò ráyè ronú, ọwọ́ àtijọ́ lè ti yín sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀. Ẹni tó mọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gùn dáadáa ni èyí ń dẹ́rù bà jù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ àtijọ́. Ẹni tí kò gun ohunkóhun rí lè tètè mọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Fún ọ̀tún, ẹ fa ọwọ́ ọ̀tún sọ́dọ̀ ara yín, ẹ fi ọwọ́ òsì ti ìkejì síwájú. Ẹ tẹ àyà sí ọ̀tún, kí èjìká yín súnmọ́ apá tí ẹ ń yà sí, nítorí pé eré ń ti ara yín síta. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ìwúwo ń tẹ̀ yín mọ́ àga, ibí yìí ni ó ti ń fẹ́ ti yín kúrò lórí rẹ̀. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ ìta tẹ ibi ìtẹsẹ̀. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ lórí eré tó pọ̀ jù, táyà tó wà ní inú kọ́nà á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Níbí ni ìyàtọ̀ Spyder àti Tri Glide ti hàn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì nínú kọ́nà, ìwúwo gbogbo ń sáré síwájú. Lórí èyí tó ní táyà méjì níwájú, ìwúwo bá ẹsẹ̀ méjì tó fẹ̀ níbẹ̀ láti gbà á. Lórí èyí tó ní kan ṣoṣo níwájú, kò sí ohun tó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè fì síta. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ti méjì níwájú fún ẹni tó ń rìn jìnnà. Spyder tún ní kọ̀ǹpútà kan tí BRP àti Bosch jọ ṣe, tó ń wo bí alùpùpù ṣe ń yí. Bí ó bá rí i pé táyà kan fẹ́ gbéra, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á fi bíréèkì mú táyà tó yẹ, kí ẹ̀yin tó mọ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ó lọ́ra lójijì. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kò lè yí ìwúwo padà sí ìyẹ́.

Bíréèkì náà yàtọ̀. Spyder kò ní bíréèkì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀kan ṣoṣo tó ń mú táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rí i tí ìka ọ̀tún yín ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ní ti jíà, ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní SE6. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò sì ní jíà ẹsẹ̀. Àtàǹpàkò òsì ni ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, ìka ìfábẹ̀lá ni ẹ fi ń fà á bọ̀ wálẹ̀, bí ẹ bá sì gbàgbé, fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń dúró. Ó ní jíà ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ wò ó báyìí: orúnkún òsì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí rẹ̀. Ká ní ọ̀tún ni, ìmọ̀ràn mi ìbá yàtọ̀, nítorí gbogbo bíréèkì ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tri Glide ní tirẹ̀ ń béèrè ẹsẹ̀ òsì fún jíà ní gbogbo ìgbà, irin ìdarí rẹ̀ sì wúwo ju ti Spyder tó ní ẹ̀rọ iná tí ń bá ọwọ́ darí.

Àwọn ọ̀nà wa wá ńkọ́?

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń fi ipa kan sílẹ̀, ọkọ̀ ń fi méjì sílẹ̀, èyí ń fi mẹ́ta. Ìṣòro gbogbo wà nínú ìyẹn. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bí ẹ bá rí kòtò, ẹ ó fì díẹ̀, ẹ ó kọjá. Lórí Spyder, ẹ ó fi kòtò sí àárín táyà iwájú méjèèjì, ẹ ó rò pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn á sì bọ́ sínú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwúwo ìyá lórí rẹ̀. Ẹ kọ́ ojú láti máa fi kòtò sí àlàfo tó wà láàárín ipa táyà iwájú kan àti ipa ti ẹ̀yìn. Àlàfo náà tó fún kòtò kékeré. Èyí tó bá fẹ̀ jù, ẹ rọra kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú táyà iwájú kan, kí ẹ sì má tẹ bíréèkì nínú rẹ̀.

Ojú gúdúrọ́ńnù láti Àjàṣẹ́ gba Sakétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu yóò gbà yín bí ẹ kò bá kánjú. Ibi tó ń dà mí láàmú ni ilẹ̀ pupa, láti ojú ọ̀nà wọ àdúgbò. Ọkọ̀ akẹ́rù ti gbẹ́ ipa méjì jinlẹ̀ síbẹ̀, àárín sì ga. Táyà iwájú yín á fẹ́ bọ́ sínú ipa, ti ẹ̀yìn á máa gun àárín, inú alùpùpù á sì máa há ilẹ̀, nítorí Spyder RT kò ga sílẹ̀. Nínú yanrìn tó jinlẹ̀, táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń tì yín. Bí ó bá yí lásán, kọ̀ǹpútà á gé agbára rẹ̀, ẹ ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ má fún un ní epo sí i, yóò kàn máa rì ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò tì yín. Fún Ṣábẹ̀, ẹ gba Bohicon àti Ìdáàṣà lọ, kí ẹ wo àwọn òkè Ṣábẹ̀ láti ojú ọ̀nà tó dán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀nà àbùjá inú igbó hàn yín.

Nínú òjò, ẹ rántí pé àárín ọ̀nà ni epo ọkọ̀ máa ń kán sí. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè yẹ̀ ẹ́. Táyà ẹ̀yìn Spyder kò lè yẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ ló ń rìn. Táyà rẹ̀ fẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó fẹ̀ sì ń tètè léfòó lórí omi ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti ń rọ̀, ẹ wọ abẹ́ ilé kan, kí ẹ mu omi, kí ó fọ ọ̀nà tán.

Ẹ má sì retí láti máa gba àárín ọkọ̀ kọjá bíi zémìjàn, alùpùpù tó ń kó èrò. Spyder RT fẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dì lórí afárá nígbà tí ẹ ń lọ sí Kútọnù, ẹ ó dúró pẹ̀lú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kò ní fẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi nítorí ìdúró, ìjókòó gidi ni ẹ ó fi dúró.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ epo, nítorí mo ti tú ẹ́ńjìnnì ju bó ti yẹ lọ nítorí rẹ̀. Àwọn alùpùpù yìí ń fi ihò tín-ín-rín fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bíi ti àtijọ́ tó ń gba ohunkóhun. Kpayò, ìyẹn epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, lè ní omi nínú, ó lè ní yanrìn, ẹ kò sì mọ iye ọjọ́ tó ti wà nínú oòrùn. Ẹ máa ra epo nílé epo. Àgbá epo Spyder RT ń gba ju 25 lítà lọ, ó tó láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu kí ẹ sì padà, ẹ kò ní ìdí láti dúró níbi ìgò. Bí ó bá di dandan lójú ọ̀nà, ẹ rà díẹ̀ tó lè gbé yín dé ilé epo tó kàn.

Bẹ́lítì ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe ṣéènì. Kò fẹ́ òróró, kò sì ń pariwo, ṣùgbọ́n òkúta kékeré ilẹ̀ pupa lè há sí àárín rẹ̀ àti eyín kó sì dá ihò sí i. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn ilẹ̀ pupa, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo bẹ́lítì yí ká, ẹ fi ìka yọ ohun tó bá há síbẹ̀. Kì í gba àkókò.

Ní ti èyí tí ẹ ó rà. Bí ìyá bá ń bá yín lọ, Spyder RT ni, kí ó jẹ́ ti 2014 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọdún náà ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Rotax 1330 sí i, oní-sìlíńdà mẹ́ta, tó ń fa láti ìsàlẹ̀ láìkánjú. Àga rẹ̀ tó bí 75 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín yóò kọjá lórí rẹ̀ láìní ìpọ́njú. BRP tún ní Ryker, tó jáde ní òpin 2018, tó fúyẹ́ gan-an, tí kò ní bẹ́lítì lẹ́yìn nítorí irin ló ń yí táyà rẹ̀, irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rally sì wà fún ilẹ̀ tó le. Ká ní ẹ̀yin nìkan ni, ǹ bá ní kí ẹ mú Rally. Ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gba ìyá dé Kétu kí inú rẹ̀ dùn, ìyá ló sì jẹ́ ìdajì ohun tí ẹ ń rà á fún.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e kúrò ní Kánádà, ẹ lọ sí ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tó yẹ kí ẹ ní àti nọ́ńbà tí wọn yóò fún un. Ẹ béèrè owó kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní èbúté Kútọnù. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Nígbà tó bá dé, ẹ má gbé ìyá rárá títí ọwọ́ yín yóò fi gbàgbé iṣẹ́ àtijọ́. Ẹ wá ibi tó fẹ̀, tí kò sí èrò, ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ máa yí bí nọ́ńbà 8, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹ fi eré kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ sáré, ẹ tẹ bíréèkì dúró, ẹ tún un ṣe, títí ìka ọ̀tún yóò fi ṣíwọ́ wíwá bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ kó máa pariwo “ọ̀tún!” tàbí “òsì!” lójijì, kí ẹ máa yẹ̀ lọ sí apá tó bá pè. Ọjọ́ tí ara yín bá ń yà sí apá tó tọ́ láìronú, ẹ ti ṣe tán.

Ìyá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kó wọ ṣòkòtò, kó jókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí zémìjàn. Etí ìró àti ìborùn tó gùn kò gbọdọ̀ súnmọ́ bẹ́lítì. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ dé akoto, ti ìyá kó jẹ́ èyí tó bá orí rẹ̀ mu, kì í ṣe èyí tí wọ́n yá lójú ọ̀nà. Kó máa wo èjìká yín níbi kọ́nà, kó máa tẹ̀ sí apá tí èjìká náà bá tẹ̀ sí. Níbi tí ó bá tẹ̀ síta nítorí ẹ̀rù, alùpùpù á mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kù ni kí ẹ kọ̀wé sí ọmọ yín. Ẹ ní kó ya àwòrán bẹ́lítì láti ìsàlẹ̀, àti ti ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Bí ó bá ti tó ọdún mẹ́fà, kó ra tuntun lọ́hùn-ún kó sì fi wọ́n sínú àpótí kan náà. Táyà iwájú Spyder RT jẹ́ 165/55 R15, ti ẹ̀yìn 225/50 R15. Kó fi bẹ́lítì kan pẹ̀lú fílítà epo àti ti afẹ́fẹ́ kún un, nítorí ẹ kò ní rí wọn rà ní Wandó. Bí àwọn àwòrán náà bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó sanwó, mo máa bá yín wò ó.